Ọjọ́ Wo Ni Wọ́n Ń Kà? Rírà Ilé ní Amẹ́ríkà Lẹ́yìn Bankruptcy

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín, ẹ kú ìpéjọ. Àwọn tó pè mí wá ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé rírà ní Houston níbí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n mú apá kan ṣoṣo nínú rẹ̀, apá tí a kì í sọ ní gbangba láàárín ara wa. Ẹni tó ti gbé gbèsè rẹ̀ lọ sí kóòtù rí, ohun tí wọ́n ń pè ní bankruptcy níbí, bóyá lẹ́ẹ̀kan, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣé ó tún lè rí báǹkì tí yóò yá a lówó ilé? Ó lè rí i. Ṣùgbọ́n iye ọdún tí yóò fi dúró wà lọ́wọ́ ọjọ́ kan tó wà nínú ìwé kóòtù, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ ọjọ́ tí í ṣe.

Ní ilẹ̀ wa, gbèsè ní ìtìjú nínú. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè rán ènìyàn lọ dógò ti onígbèsè, kí onítọ̀hún jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó máa jẹ, kí ó máa mu, kí ó máa pariwo, títí ẹbí yóò fi wá owó náà jáde. Àwọn mìíràn fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. A gbé ìtìjú yẹn wọ ọkọ̀ òfuurufú wá síbí. Ṣùgbọ́n òfin bankruptcy tí Amẹ́ríkà ń lò, èyí tí wọ́n ṣe ní 1978 tí wọ́n sì tún mú le ní 2005, lílé ni ó ń lé ológò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìwé bá ti wọ kóòtù, ẹni tí o jẹ lówó kò gbọdọ̀ pè ọ́ lórí fóònù mọ́, kò gbọdọ̀ wọ́ mọ́tò rẹ lọ, kò gbọdọ̀ ta ilé rẹ, àfi bí adájọ́ bá fún un láyè.

Ta ló ń dé kóòtù gbèsè nínú wa? Nọ́ọ̀sì tí àìsàn dá dúró, tí bíìlì ọsibítù ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé fún àbúrò rẹ̀ láti ra mọ́tò, tí àbúrò kò san. Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ dàrú, tí ohun tí ẹni méjì ń san wá di ti ẹnì kan. Ẹni tó dá iléeṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà sílẹ̀, tó ń fi káàdì kírẹ́dìtì san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ nítorí pé owó tó yẹ kó wọlé pẹ́ kó tó dé. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń fi owó ilé-ìwé ọmọ ẹbí ránṣẹ́ sílé ní oṣù tí gbogbo rẹ̀ wó. Èmi kò rí ọ̀lẹ níbẹ̀. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, àìbéèrè ló sì ń mú kí wọ́n máa ka ọdún tí kò yẹ kí wọ́n kà.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Chapter 7 ni ti ẹni tí kò ní agbára àtisan: kóòtù yóò wo ohun ìní rẹ̀, yóò mú èyí tí òfin kò dáàbò bò láti fi san fún àwọn olówó, yóò sì pa ìyókù gbèsè rẹ́. Ó sábà máa ń parí láàárín bí oṣù 4. Chapter 13 ni ti ẹni tí owó ṣì ń wọlé fún: yóò máa san iye kan lóṣooṣù fún trustee, ìyẹn alámòójútó tí wọ́n yàn sí ẹjọ́ náà, fún ọdún 3 sí 5, kí wọ́n tó pa èyí tó bá ṣẹ́ kù rẹ́. Ẹni tó fẹ́ gba ilé tàbí mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ ló sábà máa ń yan 13.

Ọ̀nà méjì ni ẹjọ́ wọ̀nyí lè gbà parí, ẹ fetí sí ibẹ̀ dáadáa. Bí ìwé tí kóòtù fi ránṣẹ́ bá kọ discharge, o ti gba ìtúsílẹ̀: gbèsè inú ẹjọ́ náà ti parẹ́, àfi àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ bí owó ìtọ́jú ọmọ àti owó orí tí kò tíì pẹ́. Bí ó bá kọ dismissed, kóòtù da ẹjọ́ náà nù ni. Kò sí gbèsè kankan tó parẹ́, gbogbo àwọn olówó lè padà wá. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ pé o wọ kóòtù wà níbẹ̀, báǹkì yóò sì kà á sí ọ lọ́rùn.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ níbí. Ní Texas, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n ń ta ilé ẹni tí kò san mọ́géèjì, ìyẹn owó tí báǹkì yá a láti fi ra ilé, ní gbàǹjo. Bí ọjọ́ Ajé bá dé, àyà onílé a máa já, ẹnì kan a sì sọ fún un pé kó sáré lọ fi ìwé Chapter 13 sílẹ̀, wọn kò ní lè ta ilé náà lọ́la. Òótọ́ ni, gbàǹjo yóò dúró. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 ni ó ní láti kó ìyókù ìwé ẹjọ́ wá, owó tí yóò máa san fún trustee sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 30. Ẹni tí kò rí owó san fún báǹkì láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, níbo ló ti fẹ́ rí ti trustee láàárín ọjọ́ 30? Kóòtù da ẹjọ́ nù. Oṣù díẹ̀ sí i, ilé tún bọ́ sórí gbàǹjo, ó tún sáré padà. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, bí ọdún kan kò bá tíì pé lẹ́yìn tí wọ́n da ti àkọ́kọ́ nù, ààbò òfin kò ju ọjọ́ 30 lọ, àfi bí adájọ́ bá fi kún un. Àtúnṣe 2005 ló mú ìyẹn wá. Bí ó bá ti di ẹ̀ẹ̀kẹta láàárín ọdún kan, kò sí ààbò rárá, àyàfi bó bá tọrọ rẹ̀ kí adájọ́ sì gbà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀, ilé ti lọ, gbèsè ṣì wà, ẹjọ́ 3 ló sì wà lórúkọ ẹnì kan ṣoṣo.

Mo bẹ ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́: ẹ má ṣe rán ènìyàn lọ sí kóòtù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú gbàǹjo bí kò bá tíì rí lọ́yà tó mọ iṣẹ́ náà. Ìrànlọ́wọ́ ọjọ́ kan yẹn lè gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka ọdún. Mọ́géèjì tí ìjọba àpapọ̀ dúró fún nípasẹ̀ FHA ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tètè rí gbà. Lẹ́yìn Chapter 7, ọdún 2 ni, láti ọjọ́ ìtúsílẹ̀, kì í ṣe láti ọjọ́ tí o fi ìwé sílẹ̀. Ọdún 2 yẹn gbọ́dọ̀ ti pé ní ọjọ́ tí báǹkì gba nọ́ńbà FHA fún ìwé tí o fi tọrọ mọ́géèjì. Láàárín rẹ̀, o gbọ́dọ̀ ti fi hàn pé ò ń san gbèsè tuntun déédéé, tàbí pé o kò tilẹ̀ jẹ gbèsè tuntun kankan. Ẹ gbọ́ èyí kejì yẹn dáadáa, nítorí wọ́n máa ń sọ fún wa pé dandan ni ká tún gba káàdì márùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àjálù tó kọjá agbára rẹ ló gbé ọ dé kóòtù, tí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ, FHA lè gbà ọ́ lẹ́yìn oṣù 12. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun níbí, ọdún 2 náà ni VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó wọn, ń wò. USDA, tí í ṣe ti ilé ní ìgbèríko, ọdún 3.

Iléeṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Fannie Mae, kì í yá ènìyàn lówó fúnra rẹ̀. Mọ́géèjì tí àwọn báǹkì ti yá ènìyàn ló ń rà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ìlànà rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń tẹ̀lé. Ó ní ọdún 4 lẹ́yìn Chapter 7, láti ọjọ́ tí ẹjọ́ parí, ìbáà jẹ́ ìtúsílẹ̀ tàbí ìdànù. Chapter 13 yàtọ̀: ẹni tó san owó rẹ̀ parí tó sì gba ìtúsílẹ̀ yóò dúró ọdún 2, ẹni tí wọ́n da ẹjọ́ rẹ̀ nù yóò dúró ọdún 4. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ yé mi, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sanwó kó tó débẹ̀.

Ẹni tó bá wọ kóòtù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún 7 sẹ́yìn ńkọ́? Fannie Mae ní kó dúró ọdún 5, láti ọjọ́ tí èyí tó kẹ́yìn parí. Ìdànù náà wà nínú ohun tí wọ́n ń kà. Ó lè dín kù sí ọdún 3, bí ó bá jẹ́ àjálù ló fa èyí tó kẹ́yìn, tí ìwé sì wà láti fi hàn.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ọ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń gbé ilé àyágbé. Ó fi ìwé Chapter 13 sílẹ̀ ní September 2020 nítorí mọ́tò tó fi ń lọ síbi iṣẹ́. Kóòtù da ẹjọ́ náà nù ní February 2021. Ó padà lọ fún Chapter 7 ní May 2021, ó sì gba ìtúsílẹ̀ ní September 2021. Lọ́dọ̀ Fannie Mae, ẹjọ́ 2 ló ní, nítorí náà September 2026 ni. Lọ́dọ̀ FHA, ọdún 2 rẹ̀ ti pé láti September 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní báǹkì yóò bi í bó ṣe jẹ́ tó fi wọ kóòtù lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sọ fún yín pé òun ń dúró kí bankruptcy kúrò nínú àkọsílẹ̀ kírẹ́dìtì òun, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn bí ènìyàn ṣe ń san gbèsè. Chapter 7 máa ń wà níbẹ̀ fún ọdún 10 láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀. May 2031 nìyẹn! Ó lé ní ọdún 7 tí yóò fi máa san owó ilé àyágbé fún ẹlòmíràn, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọjọ́ tí òun ń kà kì í ṣe èyí tí báǹkì ń kà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an.

Tọkọtaya, ẹ gbọ́ tiyín. Bí ọkọ bá ní bankruptcy kan, tí ìyàwó náà ní kan tirẹ̀, Fannie Mae kò ní ro wọ́n pọ̀ di méjì. Kálukú ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Mo ti gbọ́ tí wọ́n sọ fún tọkọtaya pé kí ọ̀kan má tilẹ̀ bá èkejì tọrọ mọ́géèjì nítorí èyí. Kò sí òótọ́ níbẹ̀.

Ẹni tí ilé rẹ̀ bọ́ nínú ìṣòro náà tún ní ọjọ́ mìíràn láti mọ̀. FHA ń ka ọdún 3 lẹ́yìn tí báǹkì gba ilé, láti ọjọ́ tí ilé kúrò lórúkọ rẹ. O lè ti sọ fún kóòtù ní 2019 pé o yọ̀ǹda ilé náà, kí báǹkì má sì yí orúkọ padà títí di 2022. 2022 ni FHA yóò ti máa kà. Lọ wo ìwé ilé náà ní ọ́fíìsì kántì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìrètí lórí ohunkóhun.

Kí wá ni ẹ ó kó jọ? Ìwé ìtúsílẹ̀ tàbí ìdànù ni àkọ́kọ́, fún gbogbo ẹjọ́ tí ẹ ti ní, kì í ṣe èyí tó kẹ́yìn nìkan. Bí ó bá ti sọnù, ó wà lórí PACER, àkójọ ìwé kóòtù ìjọba àpapọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Sẹ́ǹtì 10 ni ojú ìwé kan, ìwé kan ṣoṣo kì í sì í ju dọ́là 3 lọ. Ẹni tí kọ̀ǹpútà kò bá rọrùn fún lè lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní 515 Rusk, àárín ìlú Houston níbí. Bí àjálù ló fà á, ẹ wá ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀: lẹ́tà tí wọ́n fi dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́, bíìlì ọsibítù, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ láti kóòtù. Báǹkì kì í gba ìtàn láìsí ìwé, bó ti wù kí ìtàn náà káni lára tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba àkọsílẹ̀ kírẹ́dìtì yín lọ́wọ́ Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn iléeṣẹ́ tó ń pa á mọ́, ọ̀fẹ́ ni ní annualcreditreport.com. Gbèsè tí kóòtù ti parẹ́ gbọ́dọ̀ fi òdo hàn. Bí ó bá ṣì ń fi hàn pé ẹ jẹ owó, ẹ kọ̀wé ta kò ó, kí ẹ fi ìwé ìtúsílẹ̀ mọ́ ọn. Òfin fún wọn ní ọjọ́ 30 ní gbogbogbò láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti máàkì kírẹ́dìtì, FHA ń gba 580 pẹ̀lú owó àsansílẹ̀ ìdá 3.5 nínú 100, àti 500 sí 579 pẹ̀lú ìdá 10 nínú 100, ṣùgbọ́n báǹkì púpọ̀ ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ fúnra wọn. Bí ọ̀kan bá kọ̀ yín, ó lè jẹ́ ìlànà tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti FHA. Ẹ lọ sọ́dọ̀ òmíràn.

Owó ilé àyágbé tí ẹ ń san fún ọmọ ilé wa nínú yàrá rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi owó kéèṣì san án. Ẹ san án gba báǹkì. Oṣù 12 tí ẹ san láìjẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá, tó hàn nínú ìwé báǹkì yín, máa ń sọ̀rọ̀ gidi fún ẹni tí kírẹ́dìtì rẹ̀ kò tíì gbó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àjọ, nítorí ibẹ̀ ni owó àsansílẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń wá. Àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì kan máa ń rí ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là tó wọlé lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní owó náà kò mọ́. Inú á bí wa, ìtìjú á sì mú wa, a ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀. Ìwé ìlànà FHA fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń darí fúnra wọn, ó sì gba owó tí ènìyàn kó níbẹ̀. Èsúsú wa gan-an nìyẹn. Ohun tó fẹ́ ni kí ìwé fi hàn pé ẹgbẹ́ náà wà, pé ó ti pẹ́ tó báyìí, àti pé ọwọ́ rẹ ni owó náà bọ́ sí. Nítorí náà, ìyá alájọ gbọ́dọ̀ ní ìwé: orúkọ àwọn tó ń dá a, iye tí kálukú ń dá, oṣù tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kó o àti ọjọ́ tó kó o. Kí ìdá náà sì máa gba báǹkì kọjá. Fannie Mae pẹ̀lú gba irú owó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ti kó tìrẹ tí o ṣì ń dá fún àwọn tó kù, wọn yóò ka ìdá oṣooṣù yẹn mọ́ gbèsè rẹ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí owó tí o gbọ́dọ̀ san ni. Bí o bá lè kó o sí ìparí, tí gbogbo àjọ náà ti tán kí o tó tọrọ mọ́géèjì, ó sàn fún ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Ilẹ̀ tí ẹ rà ní Ìbàdàn, ilé tí ẹ kọ́ sí Ìjẹ̀bú, gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí ẹ kọ fún kóòtù gbèsè. Òfin ní ohun ìní níbikíbi láyé. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Bákan náà, fọ́ọ̀mù mọ́géèjì yóò bi yín bóyá ẹ ti wọ bankruptcy láàárín ọdún 7 sẹ́yìn, àti irú èyí tó jẹ́. Ẹ dáhùn bó ṣe rí. Irọ́ nínú fọ́ọ̀mù yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju bankruptcy lọ: ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè dé ọdún 30. Kí ni ẹ fẹ́ fi irọ́ gbà, nígbà tí òótọ́ ní iye ọdún tó máa ń pé?

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń polówó lórí WhatsApp pé àwọn lè pa bankruptcy rẹ́ kúrò nínú kírẹ́dìtì yín. Òfin kò gba iléeṣẹ́ tó ń tún kírẹ́dìtì ṣe láyè láti gba owó kó tó ṣe iṣẹ́. Àwọn tó ń ta nọ́ńbà tuntun tí wọ́n ń pè ní CPN, kí ẹ fi dípò Social Security yín, ẹ sá fún wọn. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń tà.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ gbèsè owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, bankruptcy kì í sábà pa á rẹ́. Bí ẹ kò bá san án títí ó fi di àpatì, orúkọ yín yóò jáde nínú CAIVRS, àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ ìjọba àpapọ̀ ní gbèsè, tí báǹkì gbọ́dọ̀ wò, FHA kò sì ní gbà yín títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ẹni tí kò ní green card, láti 25 May 2025 ni FHA ti dáwọ́ dúró fún àwọn tó wà níbí pẹ̀lú físà iṣẹ́. Ọ̀nà Fannie Mae ni kó máa wò.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nínú Chapter 13 lónìí. Ẹ rò pé ẹ gbọ́dọ̀ dúró títí ọdún 5 yóò fi pé. Bí ẹ bá ti san oṣù 12 lásìkò láìyẹ̀, FHA lè gba ìwé yín, bí kóòtù bá fi àṣẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹ wọ mọ́géèjì. Lọ́yà yín ni yóò bá yín tọrọ àṣẹ náà, kì í ṣe ẹni tó ń ta ilé. Ẹ mú iye tí ilé náà yóò máa ná yín lóṣù lọ bá a, pẹ̀lú owó orí ilé àti owó ìbánigbófò, nítorí owó orí ilé wúwo ní Texas, adájọ́ yóò sì fẹ́ rí i pé owó trustee kò ní dúró nítorí ilé tuntun. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ilé kankan kí àṣẹ yẹn tó jáde. Mo dúpẹ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tí kò fẹ́ bi láàárín èrò, mo wà ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn títí di aago mẹ́jọ. Ẹ mú ìwé kóòtù yín dání.